Kámẹ́rà Inú Àpótí Bàbá Fọ́tò, Kí A Tó Tà Wọ́n

Èrò kan ti wọ ọ̀pọ̀ wa lára ní Òmù-Àrán, ní Ìlọrin àti ní gbogbo ibi tí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ti wà rí, pé bí kámẹ́rà bá ṣe pẹ́ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Èrò kejì, tí ó tako èyí pátápátá, ni ti àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù káàkiri àdúgbò, tí wọ́n á gbé kámẹ́rà lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìkòkò tó lu àti bátìrì mọ́tò tó ti kú, tí wọ́n á sì dá iye lé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Kodak Brownie àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1900, dọ́là kan péré ni wọ́n sì ń tà á nígbà náà; ṣùgbọ́n Brownie tí wọ́n ṣe láti ìgbà náà wá pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mú owó gidi kan wá, bó ti wù kí wọ́n dàgbà tó. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà lè mú ìlọ́po-ìlọ́po owó yẹn wá. Irú èyí tí kámẹ́rà jẹ́ gan-an, bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti bóyá fíìmù tí ó ń jẹ ṣì wà lọ́jà: àwọn wọ̀nyí ló ń dá owó lé e.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fà á tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n sí Bàbá Fọ́tò, nítorí iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n fi tọ́ ọmọ, òun náà ni wọ́n sì fi kọ́lé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì báyìí, wọn kò sì yà fọ́tò mọ́ láti ìgbà tí fóònù ti sọ tọmọdé tàgbà di ayàwòrán. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo ohun tó wà nínú àpótí onírin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí a mọ èyí tí a ó tà àti iye tí a ó tà á. Yashica olójú méjì wà níbẹ̀, Zenit ará Rọ́ṣíà wà níbẹ̀, Polaroid olójú mẹ́rin tí wọ́n fi ń ya passport wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Kodak kékeré kan tí oníbàárà kan fi dógò láyé ọjọ́sí tí kò sì padà wá gbà á mọ́.

Kí a tó yẹ ohunkóhun wò, mo bẹ àwọn ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá ti mú kẹrosíìnì àti àkísà dání, ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa dán kí oníbàárà tó rí i. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun inú lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ara kámẹ́rà kì í pẹ́ ṣí tí kẹrosíìnì bá kàn án, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn ni ẹni tó mọ ohun tó ń rà yóò kọ́kọ́ wò. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni epo tó bá yọ́ wọ inú ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù, nítorí pé abẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, gbígbẹ ni ó sì yẹ kí wọ́n wà; epo kò ní ohun kankan tí ó ń wá lára wọn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó láti gbọn eruku ọyẹ́ dànù. Kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó máa rà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá gbé Yashica lọ sí ojú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Kí ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀?" Bàbá bi mí.

"Yashica Mat-124 G ni, Bàbá."

"Ṣé o rí G yẹn dáadáa? Má fojú fò ó o. Ẹlòmíràn á máa pè é ní Yashica lásán. Yashica pọ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé iṣẹ́ Yashica ní Japan ṣe oríṣiríṣi kámẹ́rà olójú méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó wọn kò sì dọ́gba. Mat-124 tí kò ní G ló kọ́kọ́ jáde, ní 1968. Èyí tó ní G tẹ̀ lé e ní 1970, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 1986. Wọ́n ní wúrà tí wọ́n fi bo àwọn ibi tí iná ti ń kọjá nínú mítà rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ni G yẹn dúró fún. Ẹ má rò pé wúrà kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè yọ́ tà. Lẹ́ńsì ìsàlẹ̀, èyí tó ń ya àwòrán gan-an, ní òrùka tí wọ́n kọ Yashinon, 80mm àti 1:3.5 sí. Tí òrùka yẹn bá sọ nǹkan mìíràn, ó di dandan kí èèyàn béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀ rí. Lára òrùka yìí ni orúkọ lẹ́ńsì, bó ṣe gùn tó àti bí ojú rẹ̀ ṣe lè là tó máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà, ẹni tó bá sì da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sínú ìwé láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀ ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Fíìmù 120 ni Yashica yìí ń jẹ, àwòrán méjìlá onígun mẹ́rin ọgbọọgba sì ni fíìmù kan ń yọ. Ọdún 1901 ni irú fíìmù yìí ti wà, Kodak àti Ilford sì ṣì ń ṣe é títí di òní. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò lónìí fi ń wá kámẹ́rà olójú méjì kiri. Lẹ́ńsì òkè wà fún wíwò nìkan. Ẹni tó ń yàwòrán á tẹrí ba, á wo gíláàsì tó wà lórí kámẹ́rà, ọ̀tún á sì di òsì níbẹ̀. Bàbá ní òun ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀ débi pé ara òun kì í ronú sí i mọ́, bí ìyàwó bá ní láti sún sápá ọ̀tún, ẹnu òun á ti sọ ọ́ kí òun tó mọ̀.

Bí wọ́n ṣe dán ṣọ́tà rẹ̀ wò ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí pé kò sí fíìmù tàbí bátìrì kankan nínú rẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí ọwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n yí i síwájú, wọ́n dá a padà sẹ́yìn. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà láàrin lẹ́ńsì méjèèjì, wọ́n yí i títí ó fi dé 1, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n gbé e sún mọ́ etí, wọ́n sì tẹ bọ́tìnì. Ìró kan dún wííí-ín, ó gùn bí ó ṣe yẹ, ó sì fi ìró "ké" kan parí. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì mi orí. "Ó ń lọ," ni wọ́n wí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá yí i lọ sí èyí tó yára jù, 500, ìyẹn ìdá kan nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá, tí ó dún pá-à. Ṣọ́tà tí ó bá ti gan máa ń fi ara rẹ̀ hàn lórí ìyára tó falẹ̀. Yóò dákẹ́ láàrin ọ̀nà, tàbí kí ó gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, mẹ́ta, kó tó padé. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe fọwọ́ kan ọ̀pá kékeré tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ya olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé òun ló máa ń há jù lára irú kámẹ́rà tó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́.

Lẹ́ńsì ló kàn. Ọ̀nà tí mo gbà yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo gbé ṣọ́tà sí B kí ó lè là sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi bá ṣì tẹ̀ ẹ́, mo la ojú lẹ́ńsì tán pátápátá, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn. Tí èèyàn bá kàn wo lẹ́ńsì láti iwájú nínú iyàrá, gbogbo lẹ́ńsì ló máa ń mọ́. Tọ́ọ̀ṣì ló ń tú àṣírí. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan, kò sí lẹ́ńsì àtijọ́ tí kò ní in. Ohun tí à ń bẹ̀rù ni fọ́ńgọ́ọ̀sì, tí ó máa ń tàn ká orí gíláàsì bí òwú aláǹtakùn, tí ó sì lè jẹ ìpara tí wọ́n fi bo gíláàsì náà débi tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Ó wu fọ́ńgọ́ọ̀sì kí ó máa gbé ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ kì í dé, báyìí sì ni inú àpò aláwọ ṣe máa ń rí ní àkókò òjò níbí láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Àpò aláwọ yẹn lẹ́wà, oníbàárà á sì fi kún owó tó bá rí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n yà á kúrò lára kámẹ́rà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Lẹ́ńsì Bàbá ní àbàwọ́n kékeré méjì kan létí, àárín rẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mítà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kò sì yà mí lẹ́nu. Bátìrì mẹ́kúrì ni wọ́n ṣe é fún, òfin sì ti lé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó máa ra Yashica yìí lè fi fóònù wọn ìmọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí èèyàn yẹ̀ wò ni ilé bátìrì, bóyá bátìrì tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ ti tú dà sínú rẹ̀, tí irin ti di aláwọ̀ ewé. Tí ẹ bá tún fi ìka kan fóòmù dúdú tó yí ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ká, tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, ó ti jẹrà nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọ́ wọlé ba fíìmù jẹ́. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ láìná owó púpọ̀, àmọ́ kí ẹ sọ ọ́ kí oníbàárà tó sọ ọ́ fún yín.

Zenit-E yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Krasnogorsk, nítòsí Moscow, ló ṣe é, wọ́n sì ṣe é ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, ìdí nìyẹn tí ó fi wà nílé ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ti Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 78. Mítà rẹ̀ kò lo bátìrì rárá, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀: a gbé e jáde sí oòrùn, abẹ́rẹ́ dìde, a fi ọwọ́ bò ó, abẹ́rẹ́ sùn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ Zenit-E kì í kọjá 50 dọ́là lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kódà bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Lẹ́ńsì tó wà níwájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbé. Helios 44-2 ni, 58mm, tí ojú rẹ̀ là dé 2, àwọn tó ń lo kámẹ́rà ayé ìsinsìnyí ń wá a nítorí bí ó ṣe máa ń mú kí ewé àti igi ẹ̀yìn àwòrán yí bìrìpé. A lè yí i kúrò, kí a tà á lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ta Zenit pọ̀ mọ́ Helios láìmọ̀ ti gba owó ara kámẹ́rà nìkan, ó sì ti fi lẹ́ńsì tọrẹ.

Ọ̀rọ̀ Polaroid ló dun Bàbá jù, kámẹ́rà tó sì ti pa owó fún wọn jù nìyẹn. Ojú mẹ́rin ló ní, ó ń ya passport mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà sórí ìwé kan. Èèyàn á jókòó, wọ́n á yà á, wọ́n á fa ìwé náà jáde láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì bó o. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní "wait and get" nìyẹn. Lásìkò fọ́ọ̀mù JAMB àti WAEC, wọ́n ní èèyàn á tò dé títì. Tí wọ́n bá ń tà á nígbà náà, kò sí iye tí wọ́n lè pè é tí ẹni tó ń wá a kò ní san. Lónìí ó ṣòro gidigidi kí èèyàn tó rí fíìmù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Polaroid kéde ní 2008 pé àwọn ò ní ṣe fíìmù mọ́. Fujifilm, tó ṣẹ́kù tó ń ṣe irú èyí tí à ń bó, kéde ní 2016 pé fíìmù wọn tó ń jẹ́ FP-100C ti parí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé Polaroid ti padà sọ́jà kò parọ́, nítorí pé wọ́n gba ilé iṣẹ́ tó kù ní Netherlands, wọ́n sì ń ṣe fíìmù fún kámẹ́rà Polaroid irú SX-70 àti irú 600. Àwọn yẹn ní owó lórí. Fíìmù wọn kò sì wọ inú ti Bàbá. Mo sọ fún wọn pé ibi tí ó dé nìyẹn, kí wọ́n fi Polaroid yìí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí àga gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Wọ́n ní: "Ó ti ṣe tirẹ̀ ní tiẹ̀."

Kodak kékeré yẹn, fíìmù 620 ló ń jẹ, Kodak sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró láti 1995. A kò fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan gba ẹ̀gbẹ́ wá nígbà tí mo ń ṣe gbogbo èyí. Aládùúgbò mi kan ní Ìlọrin gbọ́, ó sì gbé "Leica" aláwọ̀ wúrà kan, irú kámẹ́rà Jámánì tó lówó lórí, wá fún mi, ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé owó rẹ̀ ju owó ilẹ̀ kan lọ. Leica M tòótọ́ láti 1954 síwájú lè kọjá 1,000 dọ́là láìní lẹ́ńsì, nítorí náà kò ṣàjèjì pé àwọn kan ń gba kámẹ́rà FED àti Zorki tí wọ́n ṣe ní Soviet Union àtijọ́, wọ́n ń fín orúkọ Leica sí i lára, wọ́n á tún fi wúrà tí kì í ṣe wúrà pa á lára. A yọ lẹ́ńsì rẹ̀. Apá irin tó ń tẹ ẹ̀yìn lẹ́ńsì ní Leica tòótọ́ ní kẹ̀kẹ́ roboto kan lórí. Èyí tó wà nínú tirẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Mo sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ní ti owó, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù ni pé wọ́n á ṣí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí Yashica kan tí wọ́n pè ní 700 dọ́là, wọ́n á sì di iye yẹn mú. Ìyẹn ni iye tí ẹnì kan pè é. Kò tíì sí ẹni tó ná an. Ọlọ́jà lè pe iṣu rẹ̀ ní iyekíye. eBay ní àyè tí a lè fi sọ pé kí ó fi ọjà tí wọ́n ti tà tán nìkan hàn wá, ibẹ̀ ni owó gidi wà. Mo wo àwọn 124G tí wọ́n ti tà, mo yọ àwọn tó jọ ti Bàbá nínú ìlera ara àti lẹ́ńsì, mo sì rí i pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sábà máa ń kọjá 200 dọ́là, tí èyí tí ṣọ́tà rẹ̀ ti gan sì máa ń bọ́ sí ìdajì tàbí kó kéré sí i. Àmọ́ ẹni tó wà ní Òmù-Àrán kì í gba owó London. Owó gbígbé rẹ̀ lọ, owó tí ojú ọjà ń yọ, ẹ̀rù pé kí ó fọ́ lọ́nà, gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ yọ kúrò kí a tó yí ìyókù sí náírà ní iye tí dọ́là wà lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ní páálí rẹ̀, ìdérí lẹ́ńsì àti ìwé ìlò rẹ̀, kí wọ́n fi díẹ̀ kún owó náà padà nítorí ìyẹn. Ìdérí Bàbá wà. Páálí ti di ilé eku.

Nǹkan kan wà nínú àpótí yẹn tí kò sí nínú ohun tí à ń tà, òun gan-an ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó wá láti Ìlọrin tọ́ka sí: páálí bàtà mẹ́ta tó kún fún nẹ́gátíìfù. Ó ní kí a kúkú fi kún un fún òun, pé ẹ̀bùn ni kí a fi ṣe. Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni tó ń ta kámẹ́rà bàbá rẹ̀ má ṣe gbà bẹ́ẹ̀. Seydou Keïta, ayàwòrán kan ní Bamako, olú ìlú Mali, tó ya àwọn ará ìlú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù láti 1948 wá, kò lókìkí lókè òkun títí ó fi darúgbó. Nígbà tí wọ́n wá ṣe àfihàn àwòrán rẹ̀ ní Paris ní 1994, nẹ́gátíìfù tó tọ́jú ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. N kò sọ pé Bàbá Fọ́tò ni Keïta. Mo sọ pé ohun tí kámẹ́rà ti ṣe ní ọ̀nà tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi wé ohun tí a fi ṣe é. Bàbá fà á yọ nínú páálí, wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀: ọmọbìnrin kan ló jókòó sórí àpótí, èjìká rẹ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ pátápátá, bí ẹni tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ìbejì ni, ìkejì rẹ̀ ti kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yà á, wọ́n sì so àwòrán méjèèjì pọ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kí ìyá rẹ̀ lè ní àwòrán àwọn ọmọ méjèèjì lára ògiri. Àwọn ìdílé tó wà nínú nẹ́gátíìfù wọ̀nyí ṣì wà nílùú, a kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti tà wọ́n fún àjèjì. A kó wọn sínú àpò bébà, a gbé wọn sí ibi gíga tí kò gbóná, Bàbá sì ń sọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá rántí fún mi, mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àpò kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a kọ fún àwọn oníbàárà kò gùn: Yashica Mat-124 G, lẹ́ńsì Yashinon 80mm 1:3.5, ṣọ́tà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìyára tí a dán wò, mítà kò ṣiṣẹ́, àbàwọ́n méjì wà létí lẹ́ńsì, fóòmù ẹ̀yìn ti jẹrà, ìdérí wà, páálí kò sí, a kò tíì fi fíìmù dán an wò. A ya lẹ́ńsì méjèèjì, a ya iwájú, ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. A dá iye tí a kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ láàrin ara wa kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya ìgbéyàwó ní Ìlọrin ló rà á; ó fúnra rẹ̀ wá, ó gbé e sí etí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ná an díẹ̀, Bàbá dín in fún un díẹ̀, ó san owó náà sínú àkáǹtì kí ó tó gbé e kúrò lórí tábìlì. Helios lọ lọ́tọ̀, a fi wébílì ránṣẹ́ láti gáréèjì. Ara Zenit ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó bá ń wá èyí tí abẹ́rẹ́ mítà rẹ̀ ṣì ń dìde kí ó béèrè.